Ibi Tí Ohùn Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ní Lẹ́sítà, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó,
Ìyá Nírímálà ló ni yàrá kẹrìnlá.
Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe níbẹ̀.
Aago méjì. Ẹ̀rọ amúlégbóná ń kùn bí ológbò,
òjò oṣù Bélú ń fi èékánná ha fèrèsé.
Mo yí i padà kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má baà degbò,
mo pààrọ̀ aṣọ ibùsùn,
mo kọ ọ́ sínú ìwé: ó mu omi díẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

Irọ́ ni. Ó sọ̀rọ̀.
Gẹ̀ẹ́sì ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀ bí ìrì,
Gùjárátì náà ń di ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Ó ti gbàgbé Jínjà, níbi tí wọ́n ti lé wọn
tàwọn ti àpótí kan àti ìkòkò idẹ kan.
Àmọ́ Sáńsíkíríìtì jókòó sínú rẹ̀
bí òkúta ìsàlẹ̀ odò:
omi ń kọjá, òun ò ṣí nídìí.

Tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Tíṣà kì í fẹ̀yìn tì lóru.
Ó fi ìka kàn mí lọ́fun, ó ní ka.
Ó gbé ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní cha.
Ó ká ahọ́n sẹ́yìn, ó ní ta kan tó wúwo;
ó kan eyín, ta mìíràn fúyẹ́ jáde;
ó kan ètè: pa.
Bí àwọn baba rẹ̀ ṣe to lẹ́tà nìyẹn,
láti ìyẹ̀wù ọ̀fun títí dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Ìyá, gb ńkọ́?"
Mo pè é létí rẹ̀: gbà. Gbé. Àgbà.
Ó fi ìka kan sí mi lọ́fun, òmíràn sí mi létè,
ó wá a títí, kò rí àyè rẹ̀ nínú ìlà márààrún.
Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọdún Àjíǹde.
Ilé méjì ni lẹ́tà yẹn ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà.
Mo mọ̀ ọ́n.

IBI ni wọ́n kọ sí káàdì àyà mi.
Ọ̀gá ní Ìbídùnní ti gùn jù fún àwọn arúgbó.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń jẹ́ "Ibi" bí wọ́n bá pè,
ohun tí ìyá mi ń gbàdúrà pé kó fò wá ru.

Lọ́jọ́ Àìkú, Hẹ́tálì ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣí ìwé ògbólógbòó:
ìlà wà lórí ọ̀rọ̀, ìlà wà lábẹ́ ọ̀rọ̀.
"Ibi tí ohùn ti ń dìde rèé, ibi tó ti ń wólẹ̀ rèé.
Bí o bá ṣì í pè, ilé ẹlòmíràn ni àdúrà ọ̀hún ń yà."
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ta ló ń sọ ọ́ fún ọmọ Ọ̀wọ̀?

Lóru, ìyá àgbà na ọwọ́ sí àyà ara rẹ̀: aham.
Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tán.
Mo ti bi Hẹ́tálì: èmi ni ó ń jẹ́.
Ó wá na ọwọ́ sí àyà tèmi, ó ń dúró.
Mo ní, èmi.
Ó mi orí. Tún un pè.
Ohùn mi gbọ̀n, ó yẹ̀ lẹ́sẹ̀,
ó di ẹ̀mí.
Mo dúró gbagidi, ìtẹ́dìí lọ́wọ́ mi,
n ò mọ èwo nínú méjèèjì ni mo ti ń tọ́jú
látijọ́, n ò mọ èwo ni mo fi sílẹ̀.

Ìyá ti sùn lọ. Mo mú pẹ́ẹ̀nì dúdú,
mo da ìlà kan sílẹ̀, mo na ìkejì sókè.
Ìbí. Àwọn tó bí mi.

Láàárọ̀, Ọ̀gá tẹjú mọ́ káàdì náà,
ó ní kí ni ìdọ̀tí tó wà lórí ẹ̀.
Mo ní, ohùn ni.